Ehoro Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú Sọ́wọ́ Àǹtí

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi, ilé ìtọ́jú eyín ni mo ti ṣe é, ní Airport Road ní Effurun, ní àwọn ọdún tí wàhálà Warri kì í tíì parí tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Àwọn tá a jọ wá ti di ẹrù wọn, wọ́n ti padà sí Ìbàdàn àti Èkó, ṣùgbọ́n èmi ní mi ò lọ síbì kankan. Màmá mi wá mi dé Warri, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní ṣé ìbọn ni mo fẹ́ fẹ́ ni. Mo ní, "Màámi, iṣẹ́ ni mo rí, ìbọn kọ́." Ó pòṣé, ó sì fi mí sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni mo ti jogún orí kunkun.

Dọ́kítà eyín tó gbà mí síṣẹ́, ọmọ Urhobo ni. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì máa ń sọ ọ́ mọ́ Pidgin bí ẹni ń po gàrí mọ́ ṣúgà. "Kọ́pà" ló ń pè mí títí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Yàtọ̀ sí eyín tó ń yọ, ó tún ń kàwé gboyè sí i, itọ́ ẹnu sì ni ìwádìí rẹ̀ dá lé. Ó ní àwọn àgbà kan wà ní abúlé àwọn tí eyín wọn ṣì pé, tí wọ́n ń fi í fọ́ egungun, nígbà tí àwọn ọmọ wọn nígboro ti ń ki eyín àtọwọ́dá bọnu. Ó fẹ́ mọ ohun tó fà á.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Ara wa máa ń ṣe èròjà kan tí ń jẹ ẹran, ó ń fi bá kòkòrò àrùn jà lẹ́nu. Bí kò bá sí ohun tó ń ká èròjà yìí lọ́wọ́ kò, erìgì wa gan-an ló máa kọjú sí, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí eyín á fi mì. Ṣùgbọ́n purotéènì kan wà nínú itọ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa di ajẹran yẹn mú. Dọ́kítà gbà pé purotéènì yìí ló pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà abúlé rẹ̀.

Ojú kò lè rí i, antibọ́dì ni wọ́n fi ń wá a. Lókè òkun lọ́hùn-ún, wọ́n á gún ehoro ní abẹ́rẹ́ purotéènì náà, ara ehoro á bínú sí i, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n débi pé kò ní ṣì í mú láéláé. Ohun tó mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n yọ sínú ìgò, tí ẹ̀gbọ́n Dọ́kítà bá a gbé wá láti ìlú òyìnbó. Ìgò náà ò ju orí àtàǹpàkò mi lọ. A ó kán itọ́ sórí bébà funfun kan, a ó da antibọ́dì sí i, a ó tún da omi kejì tó ń mú àwọ̀ jáde. Bí purotéènì náà bá wà níbẹ̀, ojú ibi tí a kán itọ́ sí á dú bí aró. Bí kò bá sí, bébà á funfun kalẹ̀. Ehoro ni gbogbo wa ń pe ìgò yẹn. A ó ní, "Ẹ rọra ṣílẹ̀kùn fìríìjì o, Ehoro ń sùn."

Àǹtí ló ń ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, ó ti pẹ́ ní Warri débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dá a lóhùn ní Yorùbá mọ́, Pidgin ni wọ́n ń fọ̀ sí i, òun náà á sì fi Ìjẹ̀bú dá wọn lóhùn, wọ́n á jọ máa jà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó yí èdè padà. Ọkọ rẹ̀ ń ta ohun èlò ọkọ̀ kó tó kú. Yàrá àyẹ̀wò tó wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú wa ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ràn àríyànjiyàn, kì í fi iṣẹ́ falẹ̀, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ mi wúwo bí ti ẹni tó ń gún iyán.

Ehoro kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa, a ò tíì lò ó rárá, nígbà tí ìjà tún bẹ́. Ọ̀sán ni. A gbọ́ ìbọn láti ọ̀nà Warri, àwọn aláìsàn dìde lórí àga tòwútòwú lẹ́nu, kálukú wá ọ̀nà ilé. Dọ́kítà wà ní Benin lọ́jọ́ náà. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, iná mànàmáná sì lọ pátápátá.

Nígbà tí wọ́n fún wa láyè fúngbà díẹ̀ láti jáde wá oúnjẹ, gbogbo obìnrin àdúgbò gba ọ̀nà ọjà. Àǹtí gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó mú Ehoro jáde nínú fìríìjì tó ti ń gbóná. Ó wá yìnyín lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja tútù, ó kó o sínú fúláàsì oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fi òwú wé ìgò náà nípọn kí yìnyín má bàa kàn án, torí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dì. Nígbà tí ìbọn tún sún mọ́ àdúgbò rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ lọ sí Sapele, Ehoro sì wà lórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ti àwọn sójà fún mi. Ní ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, sójà kan ní kó ṣí fúláàsì. Ó rí ìgò kékeré nínú òwú, ó fò sẹ́yìn. "Madam, na bulletproof be dis?" Nígbà yẹn, omi inú ìgò tí ẹnikẹ́ni bá ń gbé pamọ́, oògùn ìbọn ni wọ́n máa ń kà á sí. Àǹtí ní rárá o, ọ̀rọ̀ eyín ni, dọ́kítà eyín ló ni ín. Sójà wò ó títí, ló bá ya ẹnu sílẹ̀, ó fi eyín kan tó ń dà á láàmú hàn án. "Abeg, put small for my own." Àǹtí bẹ̀ ẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu, ó ní kó máa fi omi oníyọ̀ yọ ẹnu. Àwọn sójà sì jẹ́ kí ọkọ̀ wọn kọjá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, gbogbo wa padà. Dọ́kítà padà pẹ̀lú ojú tí mi ò rí rí. Wọ́n ti sun ilé bàbá ìyàwó rẹ̀, àna rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó bá mi bínú sí i. Itọ́ tó ti gbà kó tó di pé ìjà bẹ́ ti bàjẹ́ nínú fìríìsà, ó wá lọ sí abúlé láti gba òmíràn. Òun nìkan ló máa ń lọ, torí lásìkò yẹn kò sí àgbà tó máa tu itọ́ rẹ̀ fún àjèjì kó gbé e lọ.

A dán an wò. Itọ́ bàbá àkọ́kọ́, bébà funfun. Ti èkejì, ó funfun. Gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀ funfun báláú. Dọ́kítà tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó funfun náà ni. Ó gbé ìgò náà sókè, ó wò ó lójú iná, ó wá yíjú sí Àǹtí níwájú àwọn aláìsàn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, this rabbit don die. Na you kill am."

Àǹtí ní yìnyín ò kan án. Dọ́kítà ní báwo ló ṣe mọ̀, ṣé ó sùn tì í ni. Àǹtí tún ní yìnyín ò kan án. Dọ́kítà ní kó lọ sinmi nílé títí òun á fi mọ ohun tí òun máa ṣe sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kò pariwo rárá, bí ẹni tó ti rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, èyí ló sì jẹ́ kó dùn mí jù. Àǹtí mú báàgì rẹ̀, ó kí àwọn aláìsàn, ó jáde.

Mo lọ kí i nílé lẹ́yìn ìjọ́ mélòó kan. Mo rò pé màá bá a tí inú ń bí i, kí àwa méjèèjì lè jọ bú Dọ́kítà dáadáa. N kò bá ìbínú kankan níbẹ̀. Ó gbé fúláàsì náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ó lè jẹ́ ní Sapele. Ó rẹ̀ mí lálẹ́ ọjọ́ tá a débẹ̀, mo sùn lọ. Òwú lè yẹ̀." Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò kàn án." Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá fi ní Dọ́kítà ló ṣìnà?" Inú bí mi débi pé n kò lè jẹ ẹ̀bà tó gbé fún mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ lọ, ìyẹn nìkan kọ́, ó tún ti ń gbà pé òun ló ba nǹkan jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo tu itọ́ ara mi, mo kán an sórí bébà, mo lo Ehoro tí wọ́n ní ó ti kú. Mo dúró tì í, mo káwọ́ lẹ́yìn. Ojú ibẹ̀ dú bí aró Abẹ́òkúta. Mo pariwo débi pé mègádì sáré wọlé.

Dọ́kítà wo bébà náà, ó wò mí, ó jókòó. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé nǹkan mìíràn ò dà sí i. Mo ní kí òun náà tutọ́. Ó tu ú, tirẹ̀ náà dú. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá pèsì jẹ. Bí Ehoro bá wà láàyè, kí ló dé tí kò rí nǹkan kan lẹ́nu àwọn àgbà? Ṣé àwọn tí eyín wọn le jù lọ ni kò wá ní purotéènì yẹn rárá? Dọ́kítà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò òfìfo sínú báàgì. Ó ní, "Kọ́pà, you go follow me go village."

Bàbá tí a kọ́kọ́ lọ bá, àbúrò bàbá Dọ́kítà ni. Dọ́kítà kúnlẹ̀, ó ní "Mígwo," bí ọmọ Urhobo ṣe ń kí àgbà, bàbá sì dá a lóhùn pé "Vrẹ́ndo," èmi náà kúnlẹ̀ ti Yorùbá tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fún wa lága. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, àlejò kò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá wá kí wọ́n tó gbé obì àti ọtí wá kí i. Wọ́n gbé e wá, bàbá gbàdúrà sí i gùn, wọ́n là á, gbogbo wa jẹ nínú rẹ̀. Ìyàwó bàbá nìkan ni kò jẹ, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ò fàyè gbà á, bàbá sì pòṣé sí i bí ẹni pé ìjà àtijọ́ ni.

Nígbà náà ni Dọ́kítà gbé ìgò ìtutọ́ jáde. Ó bi bàbá ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo wọn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ṣé wọ́n ti jẹ ohunkóhun láàárọ̀ yìí? Bàbá ní rárá, òun ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, ebi tilẹ̀ ń pa òun. Dọ́kítà mi orí, ó ní ó dáa.

Ahọ́n bàbá pọ́n rokoṣo.

Mo wò ó, mo wo Dọ́kítà tó ṣì ń fi ahọ́n yọ obì tó há sí i léyín, n kò sì mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Bàbá ò purọ́ o. Nílé tiwa náà, bí ẹ bá bi bàbá mi àgbà bóyá ó ti jẹun, kó jẹ́ pé obì mẹ́ta ló ti jẹ látàárọ̀, á ní òun ò tíì jẹ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń ka obì mọ́ oúnjẹ. Dọ́kítà tó bi í léèrè ò kà á mọ́ ọn, bàbá tó dáhùn ò kà á mọ́ ọn, ì bá sì jẹ́ òyìnbó ló bá wọn wá, obì yẹn ni ì bá kọ́kọ́ béèrè.

Ọkàn mi lọ sí ìdí àwọn ìgò itọ́ tó ń wá láti abúlé. A máa ń fi ẹ̀rọ yí wọn bírí-bírí kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀, a ó sì fa èyí tó mọ́ lókè. Nǹkan kan tó pọ́n bí ìpẹtà máa ń wà nísàlẹ̀ tiwọn, mo sì rò pé tábà ni. Obì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti jẹ obì rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń fún ẹnu pọ̀, tí itọ́ á gbẹ lórí ahọ́n. Ṣe ló ń di àwọn purotéènì inú itọ́ pọ̀ tí wọ́n ń rọlẹ̀. Ohun tí Dọ́kítà ń wá ń bẹ nínú ìdọ̀tí tí a ń dà nù.

Mo ní kí Dọ́kítà bá mi gba itọ́ ìyá náà pẹ̀lú. Ìyá rẹ́rìn-ín pé kí ni a fẹ́ fi itọ́ arúgbó ṣe, ṣùgbọ́n ó tu ú. Nígbà tí a dé Effurun, ti bàbá funfun, ti ìyá dú kirikiri. Kí àríyànjiyàn lè tán, mo lọ ra obì lọ́wọ́ Hausa kan ní Jakpa Road. Mo tutọ́, mo jẹ obì, mo tún tutọ́. Ti àkọ́kọ́ dú, èkejì funfun bí ẹni pé ẹ̀mí ò sí lẹ́nu mi. Dọ́kítà wo méjèèjì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún nu ún. "Chai," ó ní. "Àǹtí."

Ọjọ́ náà ló lọ bá a nílé, mo tẹ̀ lé e. Dọ́kítà kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì níwájú Àǹtí, ó ní "Mígwo." Ọ̀gá rẹ̀ ni látọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ Àǹtí jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kò sì kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ti Àǹtí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà kí àwọn aládùúgbò má baà rí i. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, Dọ́kítà, ẹ dìde." Dọ́kítà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ obì fún un, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà síṣẹ́. Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun á wá láàárọ̀.

Ó wá. Ó wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́, ó ní itọ́ òun ni kí a lò. Òun ló ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí ojú itọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń wò ó. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Mi ò pa á," ó ní. "Mi ò pa á."

Lẹ́yìn náà ló bọ́ aṣọ funfun, ó ká a, ó sì gbé e lé tábìlì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti bá òun wá iṣẹ́ sí ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn á lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní òun ò kàn fẹ́ kúrò ní Warri láìmọ̀. Dọ́kítà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ìjà ló kó bá òun, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí ní òun mọ̀, òun ò sì bínú.

"Dọ́kítà," ó ní, "ẹ bi àwọn àgbà bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní rárá, pẹ̀lú obì lẹ́nu, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Èmi sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì pé yìnyín ò kan án."

Kò gbé ohùn sókè. Àǹtí mú báàgì rẹ̀, ó kí àwọn aláìsàn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde.